Abẹ́òkúta: Ìlú Púpọ̀ Nínú Odi Kan

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó sí ìdí àpáta Olúmọ, lẹ́bàá odò Ògùn. Àwọn tó dó síbẹ̀ kò ti inú ìlú kan ṣoṣo wá. Ìlú tí ogun tú ká ni wọ́n fi sílẹ̀, iye wọn sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀, ọjà tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Láàárín ogún ọdún, ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé yìí ti di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, títí di òní, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bá bi ní ìlú rẹ̀ kò ní dúró lórí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni òun. Yóò fi kún un pé ọmọ Aké ni òun, tàbí ọmọ Ìtokò, Ìgbẹ̀ìn, Kémta, Ìlúgùn tàbí Òwu.

Ìlú tó bá ń yára kún sábà máa ń pàdánù ìṣe rẹ̀. Àlejò á pọ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe nǹkan á di díẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò sì ní mọ agboolé tí òun ti wá. Abẹ́òkúta kún kíákíá, kò sì sọ ara rẹ̀ nù. Ohun tó gbé e ró ni pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kò ro gbogbo ìlú wọn pọ̀ bí ẹni ń ro ọkà. Wọ́n jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan dúró ní odindi, wọ́n sì da ohun tó kan gbogbo wọn nìkan pọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà yìí ni ìlú náà ní ìtẹ̀síwájú. Ìgbà tí àwọn aláṣẹ gbàgbé rẹ̀ ni ìjà dé.

Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ láti igbó Ẹ̀gbá

Kí ogun tó dé, ọ̀nà mẹ́ta ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá pín sí. Aláké ni olórí Ẹ̀gbá Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ ni ti Òkè-Ọnà, Àgùrá sì ni ti Gbágùúrá. Àwọn ọba wọ̀nyí ní ọlá, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìlú kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn. Ògbóni ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dájọ́, tó ń ṣe òfin, tó sì ń bójú tó ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, Orò ni Ògbóni fi ń mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ.

Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ẹ̀gbá wà nígbà náà. Àwọn ìlàrí Aláàfin máa ń wá gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fìyà jẹ àwọn ará ìlú. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Líṣàbi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin jọ láti ìlú dé ìlú. Àáró ni wọ́n ń ṣe: wọn yóò bá ẹnì kan roko lónìí, wọn yóò bá ẹlòmíràn roko lọ́la. Kò sí ìlàrí tó lè fura sí ẹgbẹ́ tó ń lọ oko. Nígbà tí àkókò tó, ẹgbẹ́ àáró yìí ló dìde lọ́jọ́ kan, tí wọ́n pa àwọn ìlàrí káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì lé ogun tí Ọ̀yọ́ rán wá padà. Inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde, èyí tó di olùṣọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ọgbọ́n Líṣàbi yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ sí ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ẹ̀gbá nílò ohun tuntun, inú ohun tí gbogbo àgbẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ ru ẹrù. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ti ní nínú oko ni wọ́n gbé lọ sójú ogun.

Òmìnira yẹn kò pẹ́ títí. Ní àwọn ọdún 1820, ogun tó tú Òwu ká kò dúró sí Òwu. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn wọ igbó Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń tú ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tó mú kí ó rọrùn fún wọn ni pé ìlú Ẹ̀gbá kan kì í sáré gba èkejì. Ìbàdàn, tó jẹ́ ìlú Ẹ̀gbá Gbágùúrá nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Àwọn Ẹ̀gbá tó kù bá wọn gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí ìjà fi dé láàárín wọn. Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá jáde lọ sí ìdí Olúmọ, lórí ilẹ̀ oko àwọn ará Ìtokò, níbi tí àwọn kan ti fara pamọ́ sí ṣáájú wọn.

Bí wọ́n ṣe pín ibùdó

Ẹ̀kọ́ tí ogun kọ́ wọn ni pé ìlú tó dá dúró ni ọ̀tá ń rí pa. Ó yẹ kí wọ́n gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, wọn kò pín in fún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan; ìlú ni wọ́n pín in fún. Àwọn ará Aké dó sí ibì kan, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Aké. Ìgbẹ̀ìn, Kémta, Ìjẹmọ̀, Ìtokú, Ìporò àti Ìkíjà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ogun fẹ́ pa rẹ́ nínú igbó tún yọ lábẹ́ àpáta. Ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé Ògbóni rẹ̀, ó fi Olúwo àti Apènà jẹ, ó yan Balógun, ó sì ń bọ ohun tí baba rẹ̀ ń bọ. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú ní Abẹ́òkúta mọ ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ òun. Ọmọ tó fẹ́ gbéyàwó mọ agboolé tí kò gbọdọ̀ fẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n da pọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe kókó. Odi kan ló yí gbogbo wọn ká. Ogun kan ni wọ́n jùmọ̀ ń jà. Àwọn Pàràkòyí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, àwọn Olórógun ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun, àwọn àgbà Ògbóni láti ìlú gbogbo sì ń pàdé lórí ohun tó bá kan gbogbo Ẹ̀gbá.

Ìlànà yìí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti gba àlejò. Ní nǹkan bíi 1834, àwọn Òwu tí ìlú wọn ti wó dé, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n. Wọn kì í ṣe Ẹ̀gbá nípìlẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n dó sí i gẹ́gẹ́ bí Òwu, Olówu wọn sì wà láàárín àwọn ọba Abẹ́òkúta títí di òní. Àwọn ará Ìbarà náà wá pẹ̀lú Olúbarà wọn. Nígbà tí Ìbàdàn tú Ìjàyè ní 1862, Ẹ̀gbá tó ti ran Ìjàyè lọ́wọ́ nínú ogun náà gba àwọn tó sá jáde, wọ́n sì fún wọn ní àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo àwọn tó ń bọ̀: ta ni olórí yín? Ẹni tó bá ní olórí tó ṣeé bá sọ̀rọ̀ á rí ilẹ̀, á sì ru ẹrù tirẹ̀ nígbà tí ogun bá dé.

Ogun sì dé lóòótọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun wá sí ẹsẹ̀ odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ajagun rẹ̀ sì wà lára wọn. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá ní 1864. Ẹ̀gbá lé àwọn méjèèjì padà. Ní ọdún 1864 náà ni wọ́n fi Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Olówò ńlá ni obìnrin yìí, tí wọ́n ti lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó sì ti pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún ìlú nígbà ogun.

Ìlànà yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kú ní àárín àwọn ọdún 1840, kò sí ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo ìlú gbọ́. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Ọkúkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí òun náà wàjà ní 1862, àga tún ṣófo títí di 1869. Ìjíròrò á gùn, ìpinnu á falẹ̀, àwọn olóyè ogun á sì máa bára wọn du ipò. Ìyẹn ni owó tí Ẹ̀gbá san kí ìlú kékeré má bàa di ẹrú ìlú ńlá.

Àwọn tó ti òkun padà

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Abẹ́òkúta. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, àwọn tí wọ́n tà sí oko ẹrú, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé lọ sí Sierra Leone, tí Yorùbá ń pè ní Sàró. Wọ́n padà pẹ̀lú ẹ̀sìn tuntun, aṣọ tuntun, orúkọ tuntun, ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹgbẹ́ àlejò tó lè yí ìlú padà tó wọn.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn míṣọ́nnárì dé. Henry Townsend dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1843, ó sì padà wá gbé ní 1846 pẹ̀lú Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ Òṣoògùn ni Crowther. Abẹ́òkúta ló ti rí ìyá rẹ̀ ní ọdún yẹn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti pín wọn níyà. Ìtàn tirẹ̀ fi hàn ìdí tí àwọn Sàró fi rí ààyè: ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó bá mọ orúkọ ìlú àti agboolé tí wọ́n ti jí òun gbé, ìlú náà wà ní Abẹ́òkúta, ó ń dúró dè é. Ó lè máa jẹ́ orúkọ òyìnbó kó sì tún jẹ́ ọmọ Ìgbẹ̀ìn.

Ìjọ Ọlọ́run pàápàá gba ìrísí ìlú. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí Aké, sí Ìgbẹ̀ìn, sí Ìkíjà, àwọn onítẹ̀bọmi sì rí ibùjókòó láàárín àwọn Ìjàyè. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ti wà láàárín Ẹ̀gbá kí míṣọ́nnárì tó dé, ní mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ wọn ní Kóbiti. Wọ́n ń fi oyè dá àwọn ọmọ ìjọ lọ́lá, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, bí ìlú ṣe ń fi oyè dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Abẹ́òkúta wà lára ibi tí èdè Yorùbá ti kọ́kọ́ di èdè ìwé, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àlejò mú wá tó fi okun kún ohun tí onílé ní.

Àjọṣe náà bàjẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ti ń na ọwọ́ sí ààlà ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìjà owó ibodè sì wà láàárín wọn. Àwọn Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo míṣọ́nnárì gẹ́gẹ́ bí ojú àti etí gómìnà. Wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn òyìnbó jáde, àwọn onígbàgbọ́ kan sì bá wọn lọ, tí wọ́n dó sí Èbúté-Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà kò kú ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tó kù ló ń bá ìsìn lọ, nítorí pé ó ti di ti àwọn agboolé kan.

Aṣọ tó ń yí padà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí i lójú bí àṣà ṣe ń gba ohun tuntun wọlé, kó lọ wo àdìrẹ ní Ìtokú. Kíjìpá tí obìnrin ń hun nílé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa láró. Nígbà tí aṣọ funfun láti Ìlú Ọba gba ọjà, pàápàá lẹ́yìn tí ojú irin Èkó dé ẹ̀bá Abẹ́òkúta ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn aláró rí i pé aṣọ náà fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́jú, ó lè gba ọnà tí kíjìpá kò lè gbà. Wọ́n sọ ọjà òyìnbó di ọjà ara wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣẹ̀yìn ohun tó wà nílé. Èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rì í sínú aró ni oníko; èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ni alábẹ́rẹ́. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ya ọnà sára aṣọ, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, àwọn ọkùnrin sì máa ń gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé lé aṣọ. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n gún tí wọ́n sì sá, omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ nínú ìkòkò aró, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí wọ́n ń ké pè kí aró má bàa bàjẹ́. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìyàwó ilé. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ jáde lára àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olóba.

Ìyípadà náà kò lọ láìní àríyànjiyàn. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó, nítorí pé iṣẹ́ ń yá sí i. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń ya. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn èròjà tuntun náà, ọ̀pọ̀ aláró kò sì gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí lé e lórí ní 1936. Ohun tí àwọn obìnrin náà ń jà fún ni ẹ̀tọ́ láti pinnu fúnra wọn bí iṣẹ́ wọn yóò ṣe yí padà. Àwọn ló mọ aró, àwọn náà ló sì ń ru àdánù rẹ̀. Nígbà tó yá, àbẹ́là àti àwọ̀ oríṣiríṣi dé, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Kampala. Ewu tó wà lónìí yàtọ̀: ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tó fara wé ọnà àdìrẹ, tí kò sì kan ọwọ́ aláró kankan. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ta ọnà náà, ṣùgbọ́n kò bọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀, kò sì kọ́ ọmọ kankan níṣẹ́.

Nígbà tí àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ìlú

Ní oṣù Kìíní ọdún 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn tó fi hàn pé Ẹ̀gbá dá dúró. Ní 1898, wọ́n dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé, ilé ẹjọ́ àti owó ibodè. Ó lẹ́wà lójú, ó sì ṣe àwọn iṣẹ́ tó dára, ṣùgbọ́n ó gbé agbára jọ sí Aké, ọwọ́ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì sì ń le sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ògbóni ìlú kéékèèké, tó ti ń dá ọba dúró tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í di olùgbọ́ àṣẹ.

Ní 1914, àwọn ará Ìjẹmọ̀ fárígá nítorí àgbà kan tó kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn fún wọn, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ní ọdún náà ni òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Ọdún 1918 ni owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe dá Ogun Àdùbí sílẹ̀, nígbà tí àwọn ará oko hú ojú irin. Owó orí yẹn kan obìnrin pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1940, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, kó àwọn olọ́jà jọ láti tako owó orí náà àti agbára tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé ọba nìkan lọ́wọ́. Wọ́n gba òmìnira kúrò nínú owó orí, Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ó padà ní ìparí 1950.

Ìjà wọ̀nyí kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kórìíra àṣà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Aláké tó ń pàṣẹ láìsí Ògbóni, láìsí Ìyálóde, láìsí ìlú, kì í ṣe Aláké bí Ẹ̀gbá ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ oyè ṣì wà níbẹ̀, aṣọ àti ìlù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí oyè ń ṣe ti yí padà. Àwọn obìnrin náà kò sì béèrè pé kí nǹkan padà sí bó ti wà láyé Orò. Wọ́n béèrè àyè tó tóbi ju èyí tí àwọn ìyá wọn ní lọ.

Abẹ́òkúta lónìí

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, yunifásítì dé, ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá fún èrò ní 2021. Ọbáńtokò, Àsèrò, Àdìgbẹ́ àti Ìdí-Àbà kún fún ènìyàn láti gbogbo ẹ̀yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n sì ń sùn ní Abẹ́òkúta.

Púpọ̀ nínú ìlànà àtijọ́ ṣì dúró. Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá, Olówu àti Olúbarà ń jọba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìlú kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń fi olóyè jẹ, ó sì ń ṣe ọjọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọdún Líṣàbi, tí wọ́n sì ń lọ sí Igbó Líṣàbi. Olúmọ di ibi ìgbafẹ́, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè sí i, ìbọ rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni àwọn àdúgbò tuntun. Ìlà wọn kò tẹ̀ lé ìlú àtijọ́ kankan. Ilẹ̀ tí ènìyàn fi owó rà ló sọ ọ́ di ará ibẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè olórí rẹ̀, kò sì sí Ògbóni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé ló ń ṣe iná, ọ̀nà àti ọlọ́dẹ. Agboolé tó wà láàárín ìlú sì ń ṣófo, nítorí pé àwọn ọmọ ti kọ́lé sí ìta. Àwọn àgbà kù síbẹ̀ pẹ̀lú oríkì tí kò sí ọmọ tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àjọ̀dún ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí ilé kò kọ́ ọ.

Ìtàn Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà hàn. Ẹgbẹ́ onílé lè di ohun tí àáró jẹ́ fún Líṣàbi, bí àwọn olóyè bá gbà á wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ bí wọ́n ti fi lé Òwu àti Ìjàyè lọ́wọ́. Àlejò tó ru ẹrù ìlú ni ìlú máa ń mọ̀. Aláró tó ní ọmọ ẹ̀kọ́, tí òfin dáàbò bo ọnà rẹ̀, á pa àdìrẹ mọ́ ju ọgọ́rùn-ún àṣeyẹ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, tó sì ń rán an lọ bi àgbà agboolé rẹ̀ léèrè ìtàn, ń ṣe iṣẹ́ tí ìta gbangba agboolé ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó tẹ Abẹ́òkúta dó pàdánù ilé, oko àti ọ̀pọ̀ ọmọ, wọn kò sì jẹ́ kí orúkọ ìlú wọn sọnù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ní àlàáfíà, owó àti ìwé. Ojúṣe tó kù fún wọn ni láti fún ẹni tó dé lónìí ní àyè àti ẹrù, kí ọmọ rẹ̀ náà lè sọ ìlú tí òun ti wá.